Kì í ṣe òkè àti omi nìkan ló ń fa àlejò ní Nàìjíríà

Bí ìjọba ìpínlẹ̀ kan bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìrìn-àjò afẹ́, ohun tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn ni pé Ọlọ́run ti fi òkè, odò àti igbó jíǹkí wa, pé owó tí a óò fi tún wọn ṣe nìkan ló kù. Láti ibẹ̀ ni ìgbàgbọ́ kan ti fìdí múlẹ̀ láàárín wa: pé ohun tí a bá láyé ni àlejò ń wá wò, pé orílẹ̀-èdè tí kò ní erin àti kìnnìún tó ti Kẹ́ńyà tàbí Tansáníà kò ní ohun gidi tí yóò fi hàn, àti pé òyìnbó tó gbé kámẹ́rà kọ́ ọrùn ni ẹni tí à ń pè ní arìnrìn-àjò afẹ́. Kò sí èyí tó bá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà mu nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọ̀nà mẹ́rin ni àwọn onímọ̀ iṣẹ́ yìí sábà máa ń pín ohun tí ń fa àlejò sí. Èkíní ni ohun àdánidá. Èkejì ni ohun tí ọwọ́ ènìyàn ṣe, ṣùgbọ́n tí kì í ṣe nítorí àlejò ni wọ́n ṣe é, bí ààfin, ojúbọ, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Ẹ̀kẹta ni èyí tí a dìídì kọ́ fún àlejò, bí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àti ọgbà ìṣeré. Ẹ̀kẹrin sì ni ọdún àti ayẹyẹ. Èkíní nìkan ni ìgbàgbọ́ tí mo ń sọ yìí rí, bẹ́ẹ̀ èkejì àti ẹ̀kẹrin ló gbé ẹrù tó wúwo jù nílẹ̀ wa.

Ẹ wo àkójọ Ohun Ajogúnbá Àgbáyé ti àjọ UNESCO. Ibi méjì péré ni Nàìjíríà ní níbẹ̀: Sukur ní ìpínlẹ̀ Adamawa, tó wọlé lọ́dún 1999, àti Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tó wọlé lọ́dún 2005. Orí òkè ni Sukur wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ààfin Hidi tó jẹ́ olórí wọn, oko tí wọ́n fi òkúta gbé ní ìpele-ìpele sí ẹ̀gbẹ́ òkè, àti àmì iṣẹ́ irin tí wọ́n ń ṣe láyé àtijọ́ ló gbé e wọlé. Gẹ́gẹ́ bí ohun àṣà ni wọ́n gba àwọn méjèèjì. Ohun àdánidá wa kankan kò tíì wọ inú àkójọ náà.

Òṣogbo gan-an ló yẹ kí a dúró lé lórí. Ìgèdè-Èkìtì ni odò Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀, ọ̀pọ̀ ìlú ló sì là kọjá kí ó tó wọ inú ọ̀sà. Omi kan náà ni, igbó tó wà létí rẹ̀ kò sì yàtọ̀ púpọ̀ síra wọn. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé Òṣogbo ni àwọn olùfọkànsìn ń wá sí láti Brazil, Kúbà àti Amẹ́ríkà lóṣù kẹjọ ọdún, tí wọn kì í dúró ní àwọn ìlú yòókù? Ojúbọ wà níbẹ̀, Arugbá wà níbẹ̀, àdéhùn àárín ìlú àti òrìṣà wà níbẹ̀, ìran dé ìran ni wọ́n sì fi pa á mọ́. Igbó náà fúnra rẹ̀ ìbá ti parẹ́. Nígbà tí Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tó dé Nàìjíríà lọ́dún 1950, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn oníṣọ̀nà ìlú, ojúbọ ti ń wó, àwọn kan sì fẹ́ gé igi igbó náà fún oko àti òwò. Ère tí wọ́n mọ àti ogiri tí wọ́n tún gbé dúró wà lára ohun tó mú kí àyè igbó náà ṣẹ́kù. Ìjọba sọ apá kan rẹ̀ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè lọ́dún 1965. Nítorí náà, ẹni tó bá pe Igbó Ọ̀ṣun ní ẹ̀bùn àdánidá ti gbàgbé àwọn ènìyàn tó dáàbò bò ó.

Bákan náà ni ti àwọn òkè wa. Àpáta pọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti Ọ̀yọ́ ju ohun tí a lè kà lọ, ṣùgbọ́n Olúmọ ni a ń gùn, nítorí abẹ́ rẹ̀ ni àwọn Ẹ̀gbá forí pamọ́ sí lẹ́yìn tí Ṣódẹkẹ́ kó wọn dé ibẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1830. Lórí òkè Ìdànrè, ààfin àtijọ́, kóòtù àti ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ará ìlú fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ni àlejò ń gùn lọ wò. Ní ti àpáta Zuma, àwòrán rẹ̀ wà lórí owó ọgọ́rùn-ún náírà, gbogbo wa la ti gbé e sápò rí, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ tó ń gba ojú ọ̀nà Àbújá sí Kàdúná kọjá ń wò ó láti inú ọkọ̀ ni, wọ́n sì ń bá tiwọn lọ.

Ní ti ta ni àlejò, ìlànà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ń ka arìnrìn-àjò ti yanjú rẹ̀: ẹni tó bá kúrò ní agbègbè tó ti ń gbé ìgbé ayé rẹ̀ ojoojúmọ́ fún ìgbà tí kò pé ọdún kan, fún ìdí yòówù tí kì í bá ti ṣe pé wọ́n gbà á síṣẹ́ níbẹ̀, àlejò ni. Ìjọsìn wà nínú rẹ̀, òwò wà nínú rẹ̀, kí ènìyàn lọ kí ẹbí náà wà nínú rẹ̀. Nípa ìlànà yìí, ẹni tó ti Kàdúná wá sí ìpàgọ́ ìjọ Ìràpadà ní òpópónà Èkó sí Ìbàdàn àlejò ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò bínú bí ẹ bá sọ pé afẹ́ ló bá wá. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó ti Lọ́ńdọ̀nù wálé nítorí Ojúde Ọba, tó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ rán aṣọ, tó gba yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì, àlejò ni. Ìdúpẹ́ àwọn Mùsùlùmí lọ́dọ̀ Awùjalẹ̀ ni ayẹyẹ yẹn ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó gbé e kalẹ̀ nítorí ìrìn-àjò afẹ́.

Ṣé ohun tí a bá dìídì kọ́ fún àlejò ló wá dára jù ni? Ìpínlẹ̀ Cross River fún wa ní ìdáhùn, nítorí pé abẹ́ gómìnà kan náà, Donald Duke, ni wọ́n ti gbìyànjú méjèèjì, ayẹyẹ àti ilé tí a dìídì kọ́. Ọdún 2004 ni kánífà Kàlàbá bẹ̀rẹ̀, ojú títì ìlú sì ni gbọ̀ngàn rẹ̀. Tinapa, ilé ìtajà àti ìgbafẹ́ ńlá tí wọ́n náwó rẹpẹtẹ lé lórí, ṣí lọ́dún 2007. Ọ̀rọ̀ aṣọ́bodè lórí ọjà tó ń jáde níbẹ̀ kò yanjú bọ̀rọ̀, ojú omi Kàlàbá kò jìn tó fún ọkọ̀ ojú omi ńlá, ibẹ̀ sì dá páropáro. Kánífà ni àwọn ènìyàn ṣì ń torí rẹ̀ lọ sí Kàlàbá lóṣù Kejìlá.

N kò sọ pé ohun àdánidá kò wúlò. Ọgbà ẹranko Yankari ní ìpínlẹ̀ Bauchi ní erin, ó sì ní ìsun omi gbígbóná Wikki, ẹni tó bá dé ibẹ̀ kì í kábàámọ̀. Ọ̀nà, ààbò àti owó ìtọ́jú ẹranko ló ń dà á láàmú. Ohun tí mo ń ta kò ni kí a máa rò pé òun ni ìpìlẹ̀, kí ọdún ìbílẹ̀ sì jẹ́ ọ̀ṣọ́ lásán.

Argungu ní ìpínlẹ̀ Kebbi ló fi èyí hàn jù lọ. Ìdíje ẹja pípa tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1934 láti fi sàmì sí òpin ìjà láàárín Sókótó àti Kebbi wọ àkójọ mìíràn tí UNESCO ní fún àṣà ajogúnbá lọ́dún 2016. Lẹ́yìn ti ọdún 2009, wọn kò ṣe ayẹyẹ náà mọ́ títí di ọdún 2020. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn odò Mata Fada kò gbẹ, ẹja kò sì tán nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn oníòtẹ́ẹ̀lì, awakọ̀ àti oníṣòwò Argungu mọ̀ pé ìgbà tí ayẹyẹ padà dé ni àlejò padà dé.