Ẹ Kọ́kọ́ Wo Ìka Ọmọ Náà Kí Ẹ Tó Pàtẹ́wọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń pín fídíò ọmọ tó ṣe kátápílà láti àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Gbogbo gúrúùpù WhatsApp tí mo wà, ti ìjọ, ti àdúgbò, ti àwa tí a jọ jáde ilé-ìwé, òun náà ni wọ́n ń gbé síbẹ̀. Ọmọ Èkìtì ni, a ti gbọ́. Ó fi páálí ṣe ara rẹ̀, ó fi síríńjì àti omi ṣe apá tó ń kó yẹ̀pẹ̀, ó fi bátìrì ṣe iná iwájú. Iṣẹ́ náà dára, mi ò jiyàn. Bó bá ti tẹ síríńjì kan níhìn-ín, apá yẹn á gbéra lọ́hùn-ún. Ọgbọ́n ńlá ni.

Ṣùgbọ́n ẹ tún fídíò náà wò. Ẹ má wo kátápílà, ọmọ náà ni kí ẹ wò. Orí itan rẹ̀ ló gbé páálí lé tó ń gé e. Odindi abẹ fẹ́lẹ́ ló dì mú lásán, kò ní èèkù. Bí ojú kan ṣe ń gé páálí ni ojú kejì kọ ẹnu sí àtàǹpàkò rẹ̀. Ó ti fi àkísà di ìka kan, àkísà náà sì ti pọ́n. Bátìrì fóònù tó ti wú ló fi sẹ́lótéèpù dè mọ́ ìdí kátápílà. Nígbà tó wá fẹ́ jó waya pọ̀, eyín ló fi di waya ìjórin mú nítorí pé ọwọ́ kò tó. Òjé máa ń wà nínú irú waya bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ tó bá ń lá òjé, ọpọlọ tí ẹ ń yìn yẹn gan-an ló ń bà jẹ́.

Kí làwọn àgbà wá ń kọ sábẹ́ fídíò? “Èkìtì Kete!” “Orísun ìmọ̀!” “Ìjọba dà?” Ẹnìkan tiẹ̀ kọ ọ́ pé ẹ̀jẹ̀ ìka yẹn ni àmì akíkanjú. Ibẹ̀ ni inú ti bí mi. Akíkanjú wo? Ta ló bá a jà?

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, àwọn aládùúgbò mi níbí ní Adó kò sì gbà pé mo ti fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá gé ìka, ilé mi ni. Ẹni tí iná bá jó, ilé mi ni. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ọmọ ilé kejì wa fi kọ̀, tí kò kúrò lọ́kàn mi.

Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ó wà ní SS1, ìyá rẹ̀ ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Ọba. Páálí ni eré tirẹ̀. Ó máa ń kọ́ ilé, ó ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ó tiẹ̀ kọ́ ààfin Èwì, ọba Adó, kan báyìí tó jẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n yà á ní fọ́tò. Ní Sátidé kan, ó ń lẹ òrùlé mọ́ ilé kan, ẹnu súpà gúlù ti gan. Kàkà kó fi abẹ́rẹ́ sọ ọ́, ó fi gbogbo agbára fún un. Ìdí rẹ̀ ló bẹ́. Gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ dà sórí itan rẹ̀, lórí sòkòtò jíǹsì. Ó sáré mú òwú tí ìyá rẹ̀ fi ń nu ọgbẹ́, ó ní kí òun fi nù ún.

Ariwo tí mo gbọ́, mo rò pé wọ́n ń pa ènìyàn ni. Nígbà tí mo dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, èéfín ń yọ lára ọmọ, itan ń jó o, kò sì sí iná kankan nítòsí: kò sí àdògán, kò sí fìtílà, kò sí ìṣáná. Màmá àgbà ilé náà ti ká ọwọ́ lérí. “Yèyé mi o! Wọ́n ti sọ iná sí ọmọ mi lára o!” Ẹnìkan gbé epo pupa jáde. Bàbá onílé ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà ìparun ọ̀tá, ó sì gbóná sí i dáadáa. Kí n tó la ẹnu, ọlọ́kadà kan tó ń kọjá lọ, tí àánú ṣe, ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di ẹsẹ̀ sòkòtò náà mú, ó sì fà á wálẹ̀. Awọ itan bá a wá.

Kì í ṣe ayé. Òwú ni. Gúlù yẹn kì í gbẹ bíi gọ́ọ̀mù àwọn káfíńtà. Ọ̀rinrin díẹ̀ ló nílò tí á fi gan lójú ẹsẹ̀, ìgbà tó bá sì ń gan ló ń mú ooru wá. Ẹ̀kán kan lórí ike, ooru rẹ̀ kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bó bá ti kan òwú, ó ti bá okùn tín-tìn-tín púpọ̀ pàdé nìyẹn, gbogbo rẹ̀ á gan lẹ́ẹ̀kan náà, ooru náà á sì jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó lè bó èèyàn lára, ó lè rú èéfín. Jíǹsì, òwú ni. Ìbọ̀wọ́ aláṣọ, òwú ni. Ohun tí ọmọ yìí wá fi nù ún, òwú paraku!

Ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣàwárí gúlù yìí ní 1942, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Harry Coover àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kodak, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù fọ́tò, ń wá ike tó mọ́ gaara tí wọ́n á fi ṣe ojú ìwòran ìbọn, wọ́n sì pa eléyìí tì nítorí pé gbogbo ohun tó bá kàn ló ń lẹ̀ mọ́. Ó di 1958 kí wọ́n tó gbé e jáde sọ́jà. Àwọn tó ṣe é gan-an sá fún un nígbà kan. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ tí kò tíì mọ owó kà dáadáa lè rà á ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ títì, olùtajà kò ní sọ nǹkan kan, ìkìlọ̀ tó wà lára rẹ̀ sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí èmi ò lè kà á láìfi dígí sójú.

Tó bá dà sára aṣọ, omi tútù ni kí ẹ dà á sí, omi tó ń ṣàn, kó tó nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú. Ẹ má fa aṣọ tó ti lẹ̀ mọ́ ara. Ẹ má fi epo sí i. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ ìka méjì ló lẹ̀ pọ̀, omi ọṣẹ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ rẹ ẹ́ sí, tàbí kí ẹ fi omi tí wọ́n fi ń nu kútẹ́ẹ̀sì kúrò pa á, ṣùgbọ́n kó má dé ojú, kó má sì sí nítòsí iná. Bó bá jẹ́ ojú ló ta sí, ẹ má là á tipátipá. Omi, lẹ́yìn náà dókítà.

Mo mọ èsì tó ń bọ̀. Àwọn bọ̀dá kan á ní, “Àwa náà fi agolo mílíìkì ṣe mọ́tò, a gé sílípáàsì ṣe táyà, kí ló ṣe wá?” Ẹ ká ṣòkòtò sókè ná, ká wo ojúgun yín. Mo ti fún ọ̀pọ̀ yín lábẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, agolo mílíìkì kì í gbiná. Bátìrì fóònù tó ti wú, agbára iná rẹ̀ kò ju nǹkan bí 3.7 volt lọ lóòótọ́, kò lè gbé èèyàn, ṣùgbọ́n bí ẹnu rẹ̀ méjèèjì bá fara kan ara wọn tàbí tí ohun mímú bá gún un, iná rẹ̀ kì í gbọ́ pé omi ife kan ń bọ̀.

Rúlà irin, pátákó tí wọ́n á máa gé nǹkan lé, ọ̀bẹ páálí tó ní èèkù, dígí ààbò ojú olówó pọ́ọ́kú: iye tí ẹ ń ná sórí dátà láti pín fídíò lè ra díẹ̀ nínú rẹ̀. Kò sí ẹnìkan nínú gúrúùpù mẹ́ta tó bèèrè bóyá ọmọ náà ní ọ̀kankan. Ìjọba ni gbogbo wọn ń pè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá rú mi lójú nìyí. Mo jókòó ti ìyá ọmọ ilé kejì wa, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, gúlù, abẹ, bátìrì. Ó dúpẹ́ gan-an. Lọ́jọ́ kejì ó kó gbogbo páálí ọmọ náà lọ sí àkìtàn, ààfin Èwì wà nínú rẹ̀. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀! Pátákó àti rúlà ni mo ní kó rà. Nígbà tí mo bi í, ó ní, “Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ní ó léwu.”

Itan ti jinná, àpá ló kù. Ọmọ náà kò kọ́ nǹkan kan mọ́. Fóònù ló ń tẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, mo sì ti ń gbọ́ tí òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi nọ́ńbà tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù wéra. Mo ti bẹ ìyá rẹ̀ kó jẹ́ kó padà sídìí páálí rẹ̀, mo ní èmi fúnra mi á máa jókòó tì í. Ó ní ó di ìgbà tó bá wọ yunifásítì. Mi ò mọ ohun tí ǹ bá tún wí, nítorí òun ló fọ sòkòtò yẹn, òun ló rí ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn.