Ẹ Ṣílẹ̀kùn Kánsù fún Wa

Ó ti sú mi. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti gun ọ̀kadà láti Ọjà Ọba lọ sí sẹkitéríàtì kánsù kan nínú Òṣogbo níbí, nítorí ìwé pélébé kan ṣoṣo: ìwé ẹ̀rí ọmọ ìlú tí iléèwé gíga ní kí ọmọ mi mú wá. Ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin ni mo bá ẹ̀wọ̀n lára géètì. Lánàá, mo di àgádágodo náà mú, ìpẹtà rẹ̀ kó mọ́ mi lọ́wọ́. Koríko ti hù dé orókùn níwájú yàrá tí wọ́n ti ń buwọ́ lùwé. Bàbá tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ní, "Ìyá, ẹ má bínú. Àwọn òṣìṣẹ́ ṣì wà nílé." Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bá bínú." Omi ti lé sí mi lójú. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí iléèwé ti ìlẹ̀kùn.

Oṣù Kejì ọdún 2025 ni wàhálà yìí bẹ̀rẹ̀. Àwọn alága àti káńsẹ́lọ̀ tí wọ́n dìbò yàn ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022 sọ pé ilé ẹjọ́ ti dá àwọn padà. Àwọn tí wọ́n dìbò yàn ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì ọdún 2025 sọ pé àwọn làwọn ni ipò náà. Wọ́n jà títí ẹ̀mí fi bọ́, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní kí àwọn èèyàn wọn jókòó sílé, Àbújá sì di owó kánsù mú. Kánsù 30 la ní l'Ọ́ṣun! Kí ló kàn mí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú tó wọlé? Ẹni tó bá yẹ kó jókòó, kó jókòó, kó sì ṣiṣẹ́.

Iṣẹ́ ọ̀hún wà nínú òfin o. Ọjà, gáréèjì, gọ́tà, kíkó ilẹ̀, orúkọ àdúgbò pàápàá, kánsù ni ìwé òfin ọdún 1999 kó gbogbo rẹ̀ lé lọ́wọ́. Gọ́tà iwájú ìsọ̀ mi ti dí pa. Nígbà tí òjò rọ̀ lọ́jọ́ Ajé, omi dúdú wọlé, àpò èlùbọ́ méjì ni mo gbé dà nù. Ta ni kí n lọ bá?

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ hàn kedere. Abala 7 nínú ìwé òfin náà ní ẹni tí ará ìlú bá dìbò yàn ni kó ṣàkóso kánsù. Abala 162 wá ní kí owó kánsù gba inú àpò kan tí ìpínlẹ̀ ń mójú tó. Ẹ fún ọmọ ní ilé, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọ́wọ́ ẹlòmíràn! Wọ́n gbìyànjú àtúnṣe, àmọ́ láti yí ìwé òfin padà, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin 24 nínú 36 ti ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i lẹ́yìn ti Àbújá. Èyí tó fẹ́ gba owó kánsù sílẹ̀ kò rí 24. Aṣòfin tó ń bẹ̀rù gómìnà, báwo ló ṣe fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ gómìnà? Ẹni tó ń bu nínú ìkòkò ni wọ́n ní kó wá dìbò lórí ìkòkò.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a pé kí owó máa lọ tààrà sọ́dọ̀ kánsù, àwọn tí wọ́n dìbò yàn sì ni kó gbà á. Mo jó nínú ìsọ̀ mi lọ́jọ́ náà, mo ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún àwọn aládùúgbò mi. Àmọ́ l'Ọ́ṣun níbí, ní ọdún 2025, wọ́n di owó náà mú, kò dé ọ̀dọ̀ kánsù.

Ọmọ mi bi mí lálẹ́ àná pé, "Màámi, ṣé wọ́n ti ṣí i?" Mi ò lè wo ojú rẹ̀. Mo ní yóò ṣí lọ́la. Láàárọ̀ yìí, mo tún ti wá ọlọ́kadà.