Ìdajì wákàtí kọ́ o

Mo rí ètò ìrìn àjò kan fún àwọn ọmọdé, tí wọ́n kọ sí i pé ìdajì wákàtí tó fún Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Ṣé kí àwọn ọmọ náà máa sáré kọjá ni? Igbó hẹ́kítà 75 ni! Ẹ fún un ní wákàtí méjì láàárọ̀, kí wọ́n lè wo àwọn ère tí Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ará Austria tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, àtàwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo fi sìmẹ́ǹtì mọ. Inú ọkọ̀ ni kí ẹ fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti bisikí sí. Ọ̀bọ ibẹ̀ kì í tọrọ kó tó gbà. Bàtà tó di ẹsẹ̀ mú ni kí wọ́n wọ̀, etí odò máa ń yọ̀ lẹ́yìn òjò. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n bu omi odò mu: ìwakùsà góòlù lókè odò ti bà á jẹ́.

Ní ti ẹni tó ní oṣù kẹjọ, tí ọdún Ọ̀ṣun máa ń wáyé, ló dáa jù láti lọ: tí ọmọ kékeré bá wà lọ́wọ́, ẹ sá fún ọjọ́ ọdún Ọ̀ṣun gan-an. Èrò á pọ̀ ju ibi ìgbọ́kọ̀sí lọ.