Ẹ béèrè iye ọjọ́ kẹ́ ẹ tó béèrè iye owó

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí, torí ọ̀rọ̀ náà ti ń ká mi lára tipẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ yìí nìkan, èèyàn mẹ́fà ló ti fi mẹ́sééjì ránṣẹ́ sí mi pé àwọn fẹ́ fi ìsinmi àwọn lọ gun òkè, àwọn kan ń sọ Kilimanjaro ní Tanzania, àwọn kan ń sọ ti ẹsẹ̀ òkè Everest ní Nepal, ìbéèrè kan náà ló sì wà lẹ́nu gbogbo wọn: ilé iṣẹ́ wo ló dáa, èló ni wọ́n ń gbà? Kò sẹ́ni tó bi mí pé ọjọ́ mélòó ni. Ẹyọ ẹnì kan kò bi mí. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ọjọ́ yìí gan-an ló lé mi sọ̀ kalẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, tí mi ò sì fẹ́ kó ṣe ẹlòmíì bẹ́ẹ̀.

Ojú ọ̀nà Marangu ni mo gbà lórí Kilimanjaro nígbà yẹn. Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n tà fún mi, àlọ àtàbọ̀. Mo béèrè pé ṣé ó tó, wọ́n ní ara mi le, pé ẹni tó ń sáré láràárọ̀ bíi tèmi, ọjọ́ márùn-ún tó o, kí ni mo fẹ́ fi ọjọ́ kẹfà ṣe, owó lásán ni. Mo gbà wọ́n gbọ́. Ẹ wá bá mi ṣírò ẹ̀ báyìí. Alẹ́ àkọ́kọ́ a sùn ní Mandara, ibẹ̀ fi bíi 2,700 mítà ga ju ojú òkun lọ. Alẹ́ kejì, Horombo, bíi 3,700. Alẹ́ kẹta, Kibo, bíi 4,700. Ẹgbẹ̀rún mítà kan lálaalẹ́! Ohun táwọn dókítà tó mọ̀ nípa òkè gíga sì ń sọ ni pé téèyàn bá ti kọjá 3,000 mítà, ibi tó máa sùn lónìí ò yẹ kó fi ju bíi 500 mítà lọ ga ju ibi tó sùn lánàá, kó sì máa ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin tí kò ní gbé ibi tó ń sùn sókè rárá. Ìlọ́po méjì ni wọ́n fi mí rìn, kò sì sí ọjọ́ ìsinmi kankan níbẹ̀, èmi náà sì ń fi ọwọ́ ara mi sanwó.

Ìdí ẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ máa ń fẹ́lẹ́ béèyàn ṣe ń lọ sókè. Tẹ́ ẹ bá fi máa dé bíi 5,500 mítà, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń wọnú ẹ̀dọ̀fóró ti dín kù sí ìdajì tojú òkun, ẹ mí sínú lẹ́ẹ̀kan, ìdajì ọ́síjìn tẹ́ ẹ mọ̀ lẹ rí gbà. Ara lè kọ́ ọ. Á máa mí kíákíá sí i, kíndìnrín á ṣiṣẹ́ tiẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà á yí padà díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ ló ń gbà, kò sí béèyàn ṣe lè sáré ẹ̀. Kò sì kan bí ẹsẹ̀ yín ṣe lágbára tó. Ẹni tó ń sáré lè ṣàìsàn kí ẹni tó sanra tó ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ má ṣàìsàn, mo fojú ara mi rí i, ìyá àgbàlagbà kan tá a jọ kúrò ní Mandara lọ́jọ́ kan náà tá a sì ń kọjá lójú ọ̀nà tá a ń kí i, òun dé òkè, torí ọjọ́ kẹfà wà nínú ètò tiẹ̀, ó fi ọjọ́ kan sinmi ní Horombo.

Ní Kibo lálẹ́ ọjọ́ kẹta, orí ń fọ́ mi bí ẹni pé wọ́n ń fi nǹkan lù ú, wọ́n gbé oúnjẹ wá, mi ò lè wò ó. Nígbà tí aago mọ́kànlá lù tí wọ́n jí wa, mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì láti so okùn bàtà mi, mo di okùn méjèèjì mú, mò ń wò wọ́n, mi ò rántí èwo ló ń gba orí èwo kọjá. Okùn bàtà tí mo ti ń so láti kékeré. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, mo ki okùn náà bọ inú bàtà bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe mi nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún amọ̀nà yín.

Òru ni wọ́n máa ń gbéra lọ sí ṣóńṣó, kí ilẹ̀ lè mọ́ bá wọn lókè, àti pé òtútù á ti jẹ́ kí òkúta wẹ́wẹ́ ojú ọ̀nà dì, kò ní máa yọ̀ wálẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. A rìn títí dé ihò àpáta kan tó ti lé ní 5,100 mítà, ihò Hans Meyer ni wọ́n ń pè é. Amọ̀nà tó wà lẹ́yìn mi ní kí n dúró. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ó fi ọ̀pá ọwọ́ ẹ̀ fa ìlà kan, ó ní kí n rìn lórí ìlà yẹn, kí gìgísẹ̀ kan máa kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ kejì. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta péré, mo ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbá mi mú. Kò bá mi jiyàn, kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "À ń sọ̀ kalẹ̀." Bá a ṣe ń sọ̀ ló ń sọ fún mi pé Hans Meyer tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pe ihò yẹn, ará Jámánì, òun náà yíjú padà lọ́dún 1887 kó tó wá dé ṣóńṣó lọ́dún 1889, ó ń sọ ọ́ kí n má baà sunkún, mo ṣì sunkún. Ṣùgbọ́n nígbà tá a fi máa padà dé Horombo, ẹ̀fọ́rí yẹn ti lọ, èmi fúnra mi ni mo béèrè oúnjẹ.

Kéèyàn máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tó mutí lókè báyẹn, àmì pé ọpọlọ ti ń wú ni. Ìkejì tó burú bẹ́ẹ̀ ni omi tó máa ń kún inú ẹ̀dọ̀fóró: ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ẹ ò sáré, èémí yín ò délẹ̀, ẹ sì ń wú ikọ́. Méjèèjì lè pa èèyàn láàárín wákàtí díẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe ni kí wọ́n gbé onítọ̀hún sọ̀ kalẹ̀, òru ni o, yìnyín ni o, wọn ò gbọdọ̀ dúró kí ilẹ̀ mọ́. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ pé amọ̀nà yẹn ló gbà mí, mi ò lè gbàgbé ẹ̀ láéláé. Ilé iṣẹ́ tó ta ìrìn náà fún mi ńkọ́? Mo kọ̀wé sí wọn nígbà tí mo padà, mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀, wọ́n ní àwọn á dín owó fún mi tí mo bá tún wá. Ọjọ́ márùn-ún náà ni wọ́n tún fi ránṣẹ́. Mi ò ní dárúkọ wọn, ọ̀pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin kan á ní àwọn ilé iṣẹ́ kọ ọ́ síbẹ̀ pé èèyàn márùndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ló ń dé òkè pẹ̀lú àwọn. Ó dáa, ẹ bi wọ́n pé òkè wo. Lórí Kilimanjaro, tẹ́ ẹ bá dé Gilman's Point tàbí Stella Point létí kòtò òkè yẹn, wọ́n máa fún yín ní ìwé ẹ̀rí, bẹ́ẹ̀ Uhuru tó jẹ́ ṣóńṣó gan-an, 5,895 mítà, ó ṣì wà níwájú. Èwo ni wọ́n ń kà? Ọ̀nà wo, ọjọ́ mélòó? Tí wọn ò bá lè dáhùn, nọ́ńbà yẹn ò wúlò fún yín.

Ọ̀rọ̀ owó wá kàn. Owó tí ọgbà Kilimanjaro ń gbà, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kà á lórí èèyàn kọ̀ọ̀kan, ilé iṣẹ́ kankan ò lè ná an wálẹ̀. Nítorí náà tẹ́nì kan bá ń ta ìrìn yìí ní owó pọ́ọ́kú, ẹ jókòó kẹ́ ẹ rò ó, ibo ló ti dín in? Àbí ó gé ọjọ́ kúrò, àbí ó gé e lára àwọn alábàárù. Nígbà àkọ́kọ́ yẹn, arákùnrin tó gbé báàgì mi, àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà ẹ̀ ti ṣí, ó fi okùn dì í, ó ń gbé ẹrù mi àti tiẹ̀ lọ nínú òtútù, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi, ó ń kí mi. Ojú tì mí gan-an. Ìwọ̀n 20 kílò ni wọ́n ní alábàárù ò gbọdọ̀ gbé jù lórí òkè yẹn, ìwọ̀n sì wà ní géètì. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ KPAP wà níbẹ̀ tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ àwọn alábàárù, wọ́n ní orúkọ àwọn ilé iṣẹ́ tó ń san owó tó yẹ tó sì ń fún wọn lóúnjẹ àti tẹ́ǹtì gidi, ẹ lọ wò ó kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ní tèmi o, ilé iṣẹ́ tó bá ń fìyà jẹ alábàárù, kò lè tọ́jú èmi náà lọ́jọ́ tí ara mi ò bá yá.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì, ojú ọ̀nà Lemosho ni mo mú, ọjọ́ mẹ́jọ. Ẹ ò lè mọ ìyàtọ̀ ẹ̀ àfi tẹ́ ẹ bá ti ṣe méjèèjì. Lọ́jọ́ kan wọ́n mú wa dé Lava Tower, bíi 4,600 mítà, orí ń fọ́ àwọn kan nínú wa, a sinmi níbẹ̀ díẹ̀, a tún sọ̀ kalẹ̀ lọ sùn ní Barranco tí kò tó 4,000. Ara á tọ́ òkè wò, á wá padà sísàlẹ̀ lọ sùn, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ ọ nìyẹn. Láràárọ̀ àti lálaalẹ́ amọ̀nà á wá pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ìka, tó ń ka ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, á kọ ọ́ sínú ìwé, á bi wá pé ṣé a sùn, ṣé a jẹun, ṣé a tọ̀. "Pole pole" ni gbogbo ọ̀rọ̀ wọn, ìyẹn díẹ̀díẹ̀ lédè Swahili, ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Lóru tá a fẹ́ lọ sí ṣóńṣó, nínú tẹ́ǹtì ní Barafu, omi inú ike mi ti dì létí, ìka mi tutù, mo tẹ̀ba mo so okùn bàtà mi, òsì lórí ọ̀tún, mo fà á, ó dì. Mo jókòó síbẹ̀ mo ń wò ó. Ìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé mo máa dé Uhuru, mo sì dé ibẹ̀ kí oòrùn tó yọ tán.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sọ Everest, ìṣirò kan náà ni. Lukla tí ọkọ̀ òfúrufú ń já yín sí, 2,860 mítà. Namche, 3,440, ẹ gbọ́dọ̀ sùn níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Dingboche, 4,410, ẹ̀ẹ̀mejì náà. Ibùdó tẹ́ ẹ̀ ń lọ, 5,364. Ọjọ́ méjìlá sí mẹ́rìnlá ló ń gbà lọ bọ̀ láti Lukla, tí wọ́n bá ní àwọn á ṣe é ní ọjọ́ mẹ́sàn-án, ẹ pa fóònù. Kẹ́ ẹ sì fi ọjọ́ méjì mẹ́ta kún un sílé, torí tí ojú ọjọ́ bá dúdú, ọkọ̀ ò ní fò ní Lukla, kò sí ẹjọ́ tẹ́ ẹ lè rò.

Inṣọ́ránsì: ẹ ka ibi tí wọ́n kọ gíga sí. Òmíì ò kọjá 3,000 mítà, òmíì 4,000, ẹ ó wá wà ní 5,000 pẹ̀lú ìwé tí kò wúlò. Ó gbọ́dọ̀ kan hẹlikọ́pítà. Ẹ tún béèrè pé ta ló máa pe hẹlikọ́pítà ọ̀hún, torí lọ́dún 2018 ìjọba Nepal ṣèwádìí, wọ́n rí i pé àwọn kan ń fi hẹlikọ́pítà gbé ẹni tí àìsàn ẹ̀ ò tó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n lè rí owó gbà lọ́wọ́ inṣọ́ránsì. Oògùn kan wà tó ń jẹ́ Diamox, ó ń ran ara lọ́wọ́, mo lò ó, ìka á máa rìn yín ṣìnṣìn, ẹ ó sì máa tọ̀ ṣáá, ṣùgbọ́n ẹ rí dókítà yín kọ́kọ́, kì í ṣe gbogbo ara ló gbà á. Kò sì lè rọ́pò ọjọ́.

Ìbéèrè tí mo fi mú ilé iṣẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹyọ kan ni. Mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ mẹ́rin, mo ní: tó bá di aago méjì òru lójú ọ̀nà ṣóńṣó tí mi ò lè lọ mọ́, ta ló máa bá mi sọ̀ kalẹ̀, ta ló máa wà pẹ̀lú àwọn tó kù? Àwọn méjì ní kí n má ronú burúkú. Ọ̀kan ò dáhùn. Ẹnì kẹrin kọ iye amọ̀nà tó máa bá wa lọ lóru yẹn, ó kọ ibi tí wọ́n máa gbé mi dé àti ohun tó wà níbẹ̀, ó wá bi mí padà pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà àkọ́kọ́. Òun ni mo sanwó fún.

Ẹ̀yin mẹ́fà tẹ́ ẹ kọ̀wé sí mi, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè yẹn lọ́la, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n kọ iye mítà ibi tẹ́ ẹ máa sùn lálaalẹ́ ránṣẹ́ sí yín. Ẹ fi ìdáhùn wọn ṣọwọ́ sí mi, a ó jọ kà á.