Èrò Tó Kún Pápá Ìpolongo Kì Í Ṣe Ìbò

Ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú ni mí, mi ò sì fi í pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti dé fìlà ẹgbẹ́, mo ti wọ aṣọ tí àwòrán òǹdíje wa wà láyà rẹ̀, mo ti jí ní ìdájí kí n lè ráyè dúró nítòsí pèpéle níbi ìpolongo, mo sì ti ṣe aṣojú ẹgbẹ́ ní ibùdó ìdìbò láti àárọ̀ títí wọ́n fi ka ìbò tán lójú mi. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó dúró lókèèrè tó ń bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn olóṣèlú. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń fẹ́ kí ẹgbẹ́ tirẹ̀ wọlé ni. Ìgbàgbọ́ kan wà tí àwa alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ gbogbo ní Nàìjíríà jọ dì mú, ẹgbẹ́ yòówù kí á wà: pé òǹdíje sí ipò ààrẹ tí èrò bá pọ̀ jù níbi ìpolongo rẹ̀ ni yóò jáwé olúborí. Irọ́ ni, ó sì ti ṣe àwa tí a gbà á gbọ́ ní ìjàǹbá ju bí ó ti ṣe àwọn alátakò wa lọ.

Ẹ jẹ́ kí á wo ìpolongo tó ṣáájú ìdìbò ààrẹ ti ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2023, nítorí kò tíì kúrò lọ́kàn ọ̀pọ̀ wa. Ìlú Uyo ní ìpínlẹ̀ Akwa Ibom ni PDP ti ṣí ìpolongo Atiku Abubakar ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022. Ìlú Lafia ní ìpínlẹ̀ Nasarawa ni Labour Party ti ṣí ti Peter Obi ní ìparí oṣù kan náà, APC sì ṣí ti Bọ́lá Tinúbú ní ìlú Jos, ìpínlẹ̀ Plateau, ní oṣù Kọkànlá. Níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn alátìlẹ́yìn tú yáyá jáde, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń fi àwòrán tirẹ̀ han ayé pé ọ̀rọ̀ ti parí. Nígbà tí èsì dé, Atiku ló gbégbá orókè ní Akwa Ibom, Obi ló gbégbá orókè ní Nasarawa, ṣùgbọ́n Plateau kò tẹ̀lé ẹni tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Obi ló mú un, pẹ̀lú ìbò tó lé ní 466,000 sí nǹkan bí 307,000 ti Tinúbú. Síbẹ̀, Tinúbú ni INEC, àjọ elétò ìdìbò, kéde pé ó wọlé, pẹ̀lú ìbò 8,794,726. Ẹni tó fi èrò Jos ṣe òdiwọ̀n rò pé Plateau ti bọ́ sọ́wọ́ APC, ó sì ṣìnà. Ẹni tó wá fi Plateau tí APC pàdánù ṣe òdiwọ̀n gbogbo Nàìjíríà tún ṣìnà ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ti Èkó tilẹ̀ tún wọni lára jù. Ní ọjọ́ mẹ́rin péré kí ìdìbò tó wáyé, pápá ìṣeré Teslim Balogun ní Sùúrùlérè ni APC ti parí ìpolongo rẹ̀. Ilé ni òǹdíje náà wà, ó ti ṣe gómìnà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ, inú pápá kún, ìta sì kún. Nígbà tí wọ́n ka ìbò Èkó tán, Obi ní 582,454, Tinúbú ní 572,606. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò pé 10,000. Mo mọ àwọn tí wọ́n lọ sí Sùúrùlérè lọ́jọ́ náà, tí wọ́n jó títí ilẹ̀ fi ṣú, tí wọ́n sì jókòó sílé ní ọjọ́ Sátidé ìdìbò nítorí wọ́n ti rí i lójú ara wọn pé a ti wọlé. Ẹni tó lé ní mílíọ̀nù méje ló forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní ìpínlẹ̀ náà. Nǹkan bí mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ẹ̀rọ BVAS, tí wọ́n fi ń dá olùdìbò mọ̀ ní ibùdó, yẹ̀ wò. Ìwọ̀nba tó jáde yẹn ló pinnu, kì í ṣe àwọn tó wà nínú fídíò.

Ìṣirò kan wà tí mo máa ń ṣe fún àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ wa nígbà tí wọ́n bá fi fọ́nrán èrò hàn mí. Pápá Teslim Balogun kò gbà ju nǹkan bí 24,000 èèyàn lọ. Ibùdó ìdìbò tó wà ní Èkó jẹ́ 13,325. Tí a bá kó gbogbo èèyàn tó jókòó sínú pápá náà, tí a ní kí gbogbo wọn jẹ́ ará Èkó, kí gbogbo wọn ní káàdì, kí gbogbo wọn sì dìbò fún ẹni kan ṣoṣo, tí a wá pín wọn káàkiri ibùdó wọ̀nyẹn, wọn kò ní pé èèyàn méjì fún ibùdó kan. Ní gbogbo Nàìjíríà, ibùdó ìdìbò jẹ́ 176,846. Òǹdíje tó bá kó 100,000 èèyàn jọ sójú kan, tí ayé pariwo rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kò tíì kó iye tí yóò fún un ní ẹyọ ìbò kan ní ibùdó kọ̀ọ̀kan. Ojú wa kò lè gba 100,000 èèyàn tán, ìdí nìyẹn tí ó fi ń dà bí ẹni pé gbogbo ayé ló wà níbẹ̀.

Nǹkan mìíràn wà tí kì í hàn nínú àwòrán: ta ni àwọn èrò náà gan-an? Ní ọdún kan, wọ́n fi mí ṣe alábòójútó bọ́ọ̀sì kan nígbà tí òǹdíje wa ń bọ̀ wá ṣe ìpolongo ní olú ìlú ìpínlẹ̀ wa. Èèyàn 18 ni mo kó. Nígbà tí a ń padà bọ̀ lálẹ́, tí ohùn ti há gbogbo wa, mo bi wọ́n pé ta ló ní káàdì ìdìbò alálòpẹ́. Àwọn 11 nawọ́. Mo tún bi àwọn 11 náà pé ta ni ibùdó ìdìbò rẹ̀ wà ní wọ́ọ̀dù wa. Márùn-ún péré ni ọwọ́ wọn kò wálẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń lé orin láti àárọ̀, tí gbogbo bọ́ọ̀sì ń gbè é, ọmọ ọdún 16 ni. Ọkùnrin tó jókòó ti awakọ̀ ṣì wà nínú ìwé orúkọ ìlú tó ti fi sílẹ̀ láti ọdún mẹ́fà, kò sì tọ INEC lọ kí wọ́n bá a gbé e wá sí ọ̀dọ̀ wa. Àwọn ìyá méjì tó wà lẹ́yìn kò fi bò fún mi pé omi inú ọ̀rá ni àwọn ń tà, pé bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ ni àwọn bá lọ, àti pé bí ẹgbẹ́ kejì bá dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn á bá tiwọn náà lọ. Mi ò bínú sí wọn, torí iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n 18 ni mo kọ sínú ìwé tí mo fi jíṣẹ́ fún aṣáájú ẹgbẹ́ wa, 18 náà ni òun fi ránṣẹ́ sókè, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo alábòójútó bọ́ọ̀sì yòókù ṣe. Lọ́jọ́ ìdìbò, mo jókòó ti ibùdó wa títí di ọ̀sán. Nínú àwọn márùn-ún yẹn, méjì ló wá.

Ẹnì kan lè ní ìpolongo ló ń sọ ẹni tí kò ní káàdì di olùdìbò. Kàlẹ́ńdà INEC kò gbà bẹ́ẹ̀. Fún ìdìbò 2023, ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 2022 ni wọ́n ti ti ìforúkọsílẹ̀ pa, ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ni ìpolongo ààrẹ sì tó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ òfin. Kí ẹnikẹ́ni tó gun pèpéle, ìwé orúkọ ti kún, wọ́n sì ti pa á dé. Ẹni tí orin àti ìlù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà wá sínú ẹgbẹ́ ní oṣù Kejìlá kò rí ohunkóhun ṣe mọ́ bí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀. Ohun tó kù tí ìpolongo lè ṣe ni kí ó rán ẹni tó ti forúkọ sílẹ̀ létí kí ó lọ gba káàdì rẹ̀, kí ó sì jáde. A kò ṣe é tó. Nínú 93,469,008 tó forúkọ sílẹ̀, iye tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà ni kò gba káàdì wọn, iye tí wọ́n yẹ̀ wò lọ́jọ́ náà ní gbogbo orílẹ̀-èdè sì jẹ́ 25,286,616. Ìbò ẹni tó wọlé kò tó mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀.

Òfin ilẹ̀ wa náà kò fi àyè sílẹ̀ fún èrò tó pọ̀ sójú kan. Ìwé òfin 1999 ní kí ẹni tó máa di ààrẹ ní ìbò tó pọ̀ jù, kí ó sì ní ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀ àti Àbújá. Ẹ wo Rabiu Kwankwaso, òǹdíje ẹgbẹ́ NNPP, ní 2023. Ẹni tó bá rí bí fìlà pupa tí àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ ń dé ṣe bo ìgboro Kano nígbà ìpolongo rẹ̀ kò ní ṣe iyèméjì pé èèyàn ń tẹ̀lé e, kò sì sí irọ́ níbẹ̀: ó ní 997,279 ní Kano, kò sí òǹdíje tó sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n gbogbo ìbò tó ní káàkiri Nàìjíríà jẹ́ 1,496,687. Ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀, ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo ló ti wá.

Àwa Yorùbá kò tilẹ̀ yẹ kí a máa gbàgbé èyí, nítorí ó ti dé bá wa rí. Ní 1979, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ju 80 lọ nínú ìbò 100 ní Èkó, Ògùn, Oǹdó àti Ọ̀yọ́. Ẹni tó bá ń gbé ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta nígbà náà kò lè rí ẹni tí kò sí lẹ́yìn rẹ̀, èrò tó sì ń jáde fún un fi hàn bẹ́ẹ̀. Gbogbo rẹ̀ já sí 4,916,651, Shehu Shagari sì ní 5,688,857. Àríyànjiyàn tó dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ, nípa ohun tí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ 19 jẹ́, kò kan iye èrò rárá. Bí ìbò ṣe tàn kálẹ̀ ni wọ́n ń jiyàn lé lórí.

Ti Muhammadu Buhari ló máa ń yé àwọn èèyàn jù nígbà tí mo bá ń ṣàlàyé. Ó díje ní 2003, ní 2007 àti ní 2011, èrò tó ń wọ́ tẹ̀lé e ní Àríwá pọ̀ débi pé wọ́n ń gun orí igi àti òrùlé láti rí i, ó sì fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní 2011, ó ní 12,214,853, Goodluck Jonathan ní 22,495,187. Ní 2015, ó wọlé pẹ̀lú 15,424,921, Jonathan sì ní 12,853,162. Kí ló yí padà? Èrò Kano àti Kàdúná kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní 2013 ni ẹgbẹ́ rẹ̀ dara pọ̀ mọ́ àwọn ẹgbẹ́ mìíràn láti di APC, ó sì wá ní àwọn gómìnà lẹ́yìn rẹ̀ ní Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn àti níbòmíràn, àti aṣojú ní àwọn ibùdó ìdìbò tí ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́ kò dé rí. Mo ka èyí sí ẹ̀rí tó lágbára jù nínú gbogbo ohun tí mo ti sọ, nítorí pé ọkùnrin kan náà ni, èrò kan náà ni, èsì ló yàtọ̀.

Ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti ń dùn mí jù ni ẹ̀yìn ìdìbò. Bí ẹgbẹ́ bá pàdánù, ohun àkọ́kọ́ tí a ń sọ ni pé wọ́n jí ìbò wa, torí gbogbo ayé ló rí èrò wa. Mi ò sọ pé kò sí màgòmágó nínú ìdìbò wa. Ó wà, àwòrán èsì ìdìbò ààrẹ 2023 tó pẹ́ kó tó hàn lórí IReV, ìkànnì tí INEC fi ń fi èsì ibùdó ìdìbò han ará ìlú, sì bí ọ̀pọ̀ èèyàn nínú, èmi náà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n adájọ́ kò lè ka orí inú àwòrán. Fọ́ọ̀mù EC8A ni ó ń béèrè, ìyẹn ìwé tí wọ́n kọ èsì ibùdó kọ̀ọ̀kan sí, tí aṣojú ẹgbẹ́ fọwọ́ sí, tí wọ́n sì fún un ní ẹ̀dà tirẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ná owó sórí bọ́ọ̀sì tí kò rí owó oúnjẹ aṣojú san kò ní rí ẹ̀dà náà kó jọ. Mo ti rí aṣojú wa tó fi ibùdó sílẹ̀ ní agogo méjì ọ̀sán nítorí ebi, tí kò sí ẹni tó fọwọ́ sí ìwé lórúkọ wa nígbà tí wọ́n ka ìbò tán. Ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tó lọ, ẹgbẹ́ wa kò ní ẹ̀rí kankan.

Èrò ní ìwúlò tirẹ̀ o, mi ò ní purọ́. Ó ń fún ọmọ ẹgbẹ́ ní ìgboyà, pàápàá níbi tí wọ́n ti ń bẹ̀rù láti sọ ẹgbẹ́ tí wọ́n wà, ó sì ń jẹ́ kí àwọn tó lówó mọ̀ pé ẹgbẹ́ náà kò tíì kú. Nígbà mìíràn, èrò àti ìbò máa ń bára mu, bí ó ti rí fún Atiku ní Akwa Ibom. Ohun tí kò lè ṣe ni kí ó sọ fún wa ṣáájú ìgbà tí wọn yóò bára mu àti ìgbà tí wọn kò ní bára mu.

Ní ìpàdé wọ́ọ̀dù wa tó kọjá, akọ̀wé ní kí olúkúlùkù kọ iye bọ́ọ̀sì tí àdúgbò rẹ̀ máa nílò nígbà tí ìpolongo 2027 bá bẹ̀rẹ̀. Ìwé orúkọ ibùdó ìdìbò tèmi ni mo gbé kalẹ̀. Orúkọ 612 ló wà nínú rẹ̀, mo ti fi báírò pupa sàmì sí 87 tí mo mọ ilé wọn, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí ẹni tó bá mọ ilé àwọn yòókù bá mi sàmì sí i.