Ẹ Ká Àdúrà Wọlé, Òjò Ń Bọ̀

Ẹ bá mi kí ìyáàfin tí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kangun sí tèmi ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù níbí. Onísùúrù ni, ẹni àlàáfíà ni. Okùn rẹ̀ ló jẹ́rìí. Ẹ̀yin náà mọ irú okùn tí mò ń wí, okùn àsíá àdúrà àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ti Tìbẹ́ẹ̀tì: búlúù, funfun, pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ìyeyè, tí wọ́n ta láti ẹnu ahéré irinṣẹ́ dé ara igi ápù. Ojúlé mẹ́ta ló ti ta á ní òpópónà wa. Ó ku èmi tí n kò fẹ́ ire fún ayé.

Ní Sátidé tó kọjá, ojú ọ̀run ṣú, atẹ́gùn dé. Ni ìyáàfin bá fi sálúbàtà sáré jáde, ó gun àga, ó tú okùn, ó da àdúrà sínú agbọ̀n aṣọ, ó di inú ilé. Oòrùn yọ, ó tún sá a. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní atẹ́gùn máa ń jẹ́ kó tètè ṣá.

Atẹ́gùn! Àwọn ará Tìbẹ́ẹ̀tì tó ni nǹkan wọn, “lung ta” ni wọ́n ń pè é, ẹṣin atẹ́gùn. Atẹ́gùn náà ni kó gbé ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sára aṣọ yẹn kiri fún gbogbo ẹ̀dá. Bó bá ṣá, tó ya jálajàla, iṣẹ́ ti ṣe nìyẹn. Wọ́n á sun ògbólógbòó, wọ́n á ta tuntun. Ìyáàfin wa ti so ẹṣin mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó tún ń lọ̀ ọ́! Mo fojú ara mi rí i láti ojú fèrèsé, ó ń fi áyọ́ọ̀nù tẹ àdúrà, ó ń ká a ní mẹ́rin mẹ́rin, ìlà rẹ̀ dúró ṣánṣán bíi ṣòkòtò akọ̀wé báńkì. Bóyá wọn kì í gba àdúrà tó bá rún lọ́hùn-ún.

Nílé wa n'Ìbàdàn, “Òjò ń bọ̀ o, ẹ ká aṣọ!” ni ìyá mi máa ń pariwo, aṣọ iléèwé ló sì ń wí. Àdúrà tirẹ̀ kò nílò okùn. Aago márùn-ún ìdájí ló ń gbà á, ilé kẹta ń ṣe àmín láìfẹ́.

Ẹ má sì jẹ́ n gbàgbé. Lọ́dún tó kọjá, mo sá agbádá kan àti àdìrẹ méjì. Ẹnìkan ti lẹ́tà bọ abẹ́ ilẹ̀kùn mi, kò kọ orúkọ, pé aṣọ sísá ń ba ojú àdúgbò jẹ́. N kò ní òun ni. Mo kàn mọ̀ pé aṣọ tèmi kò tó márùn-ún. Bẹ́ẹ̀ àwọn baba wa ró aṣọ funfun fún ìrókò, wọ́n ní kèfèrí ni wọ́n.

Ìyáàfin ní òun fi àsíá rẹ̀ ń ran àwọn sísítà ẹlẹ́sìn Búdà lọ́wọ́ ni. Sísítà wo? Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ti rà á; mo ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀, Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe é. Ṣáínà! Nítorí ta ni Dalai Lama, olórí ẹ̀sìn àwọn ará Tìbẹ́ẹ̀tì, ṣe sá lọ sí Íńdíà ní 1959? Àwọn sísítà tó wà ní ilé ẹ̀sìn Dolma Ling, lẹ́bàá Dharamsala ní Íńdíà, ń fọwọ́ ara wọn rán àsíá yìí tà. Ní 2016, 20 nínú irú wọn kọ́kọ́ gba oyè Geshema, tó dà bí oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀sìn wọn, lẹ́yìn ọdún tó lé ní 15 nídìí ìwé. Dọ́là kan lójúmọ́ ni wọ́n ń tọrọ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ bùkátà ọ̀kan. Kọfí tí ìyáàfin ń gbé kiri láàárọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ!

Mo sọ fún un. Ó fọwọ́ sáyà, ó ní ọkàn òun wà lọ́dọ̀ wọn. Kí ni kí wọ́n fi ọkàn rẹ sè, ìyáàfin? Ṣé ọkàn ni wọ́n fi ń ra ìrẹsì?

Ojú ọ̀run tún ti ń ṣú bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo ń gbọ́ sálúbàtà rẹ̀. Agbádá mi wà lórí okùn níta, ṣùgbọ́n n kò ní jáde o. Kó má lọ rò pé àdúrà ni èmi náà wá ká.