Pápá Dà?

A ti ka àṣẹ tí àwọn aláṣẹ pa lọ́sẹ̀ yìí lórí àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi mọ́tò sáré ìje nígboro Ìjẹ̀bú-Òde àti lójú ọ̀nà Ṣàgámù. Wọ́n á gba ọkọ̀ wọn, wọ́n á gba owó ìtanràn, wọ́n á gbé ẹni tó bá tún dán an wò lọ sílé ẹjọ́. A fara mọ́ ọn. Ẹni tó bá fẹ̀mí aláìmọwọ́-mẹsẹ̀ wewu lójú títì, kí òfin mú un. Ṣùgbọ́n a ka ìwé náà látòkè délẹ̀, a ò rí ibi tí wọ́n ti mẹ́nu kan pápá ìje mọ́tò. Ohun tí ìwé ìròyìn yìí ti ń bẹ̀bẹ̀ fún látọjọ́ yìí gan-an ni wọ́n tún fò dá.

Ìtàn eré yìí kò fara sin. Lọ́dún 1903, wọ́n ń sáré láti Paris lọ sí Madrid, ikú sì pọ̀ débi pé ìjọba Faransé dá wọn dúró ní Bordeaux. Marcel Renault, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìyá tó dá ilé iṣẹ́ Renault sílẹ̀, wà lára àwọn tó kú. Lọ́dún yẹn kan náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin pé mọ́tò kò gbọdọ̀ sáré kọjá 20 máìlì ní wákàtí kan. Kí àwọn awakọ̀ lè rí ibi tí wọ́n á ti sáré, Ọ̀gbẹ́ni Hugh Locke King wá fowó ara rẹ̀ la pápá Brooklands sórí ilẹ̀ rẹ̀ ní Weybridge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ṣí i lọ́dún 1907, kọnkéré ni, yíyí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sì tó 2.75 máìlì.

A mọ èsì tó ń bọ̀: owó dà? Àwáwí yìí ti sú wa. Àwọn tó la pápá North Wilkesboro ní North Carolina, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, lọ́dún 1947, ọdún kan ṣáájú kí NASCAR, àjọ tó ń ṣètò ìje mọ́tò níbẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀, owó tán lọ́wọ́ wọn kí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbẹ́ kan pápá náà fi ń dà gẹ̀ẹ́rẹ́, tí ẹ̀gbẹ́ kejì sì ń gòkè. Orí rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti sáré. Ní Darlington, South Carolina, ilẹ̀ oko ni Harold Brasington sọ di pápá tó ṣí lọ́dún 1950. Onílẹ̀ ní wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan adágún ẹja òun, Brasington sì yà fún adágún náà. Títí dòní, ìkángun kan pápá yẹn ṣe tóóró ju èkejì lọ. Ta ló wá ń sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní Ìjẹ̀bú kọjá ohun tí àgbà lè jókòó yanjú?

Ẹ má sì sọ pé ọmọ ìta ni gbogbo wọn. Ní agbègbè Wilkes, níbi tí pápá North Wilkesboro wà, púpọ̀ nínú àwọn awakọ̀ ìje àkọ́kọ́ ló ń fòru gbé ọtí tí ìjọba fòfin dè, irú ògógóró tiwa, tí ọlọ́pàá ń lé wọn kiri. Junior Johnson ṣẹ̀wọ̀n nítorí rẹ̀, ó sì tún di ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ tó lókìkí jù lọ nínú eré náà. Ààrẹ Reagan dárí jì í lọ́dún 1986. Àwọn ọmọ mẹkáníìkì wa tó mọ ẹ́ńjìnnì bí ẹní mowó, kí ló dé tí àtìmọ́lé fi jẹ́ ibi kan ṣoṣo tí ìjọba rí fún wọn?

Wọlé Ṣóyínká, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìsarà ní Rẹ́mọ, ni alága àkọ́kọ́ àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó lọ́dún 1988. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé fún Rẹ́mọ ohun tí eré àsápajúdé ń ṣe lójú ọ̀nà.

A ò fẹ́ ìgbìmọ̀ mìíràn o! Ìgbìmọ̀ ti tó. Kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ pawọ́ pọ̀ dárúkọ ilẹ̀ kan tó jìnnà sílé, kí wọ́n mọ odi yí i ká, kí panápaná àti ọkọ̀ aláìsàn máa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìje. Ẹni tó bá tún sáré lójú títì lẹ́yìn ìyẹn, a ò ní bá a bẹ ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n sì dárúkọ ilẹ̀ náà kí Iléyá tó dé, nítorí gbogbo wa la mọ bí ìgboro ṣe máa ń kún lásìkò Ojúde Ọba.